Màmá Cecilia Dáramọ́lá, Olùkọ́ Tó Kọ́ Bí A Ṣe Ń Fetí sí Ọmọ Ẹni

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n ti bí Màmá wa ní oṣù kẹta ọdún 1950, sínú ìdílé Pa Ayọ̀dèjì Olúbọ̀dé, àgbẹ̀ kòkó, àti Màmá Àyìnkẹ́, ahunṣọ.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní 1971, wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Dáramọ́lá ní 1975, wọ́n sì kó wá sí Ìgandò ní Èkó. Ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2010. Bí ìró bàtà wọn bá ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Bàbá wa kú ní 2015. Níbi ìsìnkú, Màmá bá àkọ́bí wọn, Ọmọ́níyì, wí lójú àwọn àlejò pé kó yé sunkún. Ọmọ́níyì padà sílé rẹ̀ ní Àgbàdo, kò sì yọjú sí wọn fún ọdún mẹ́rin.

Láàárín ọdún wọ̀nyí, àròkàn mú kí ẹ̀jẹ̀ Màmá máa ru. Nọ́ọ̀sì kan ló júwe ẹgbẹ́ kékeré kan ní Ìyànà Ìpájà fún wọn, níbi tí èèyàn mẹ́jọ ti ń jókòó pẹ̀lú agbaninímọ̀ràn ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí wọ́n ń sọ ohun tó wà láàárín àwọn àti èèyàn wọn. Màmá lọ, ṣùgbọ́n ṣe ni wọ́n ń tọ́ gbogbo èèyàn sọ́nà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n já lu ọ̀rọ̀ Qonitah, ọ̀dọ́bìnrin aránṣọ kan, ó sì dákẹ́. Agbaninímọ̀ràn bi í pé kí ló dé.

"Ẹ má bínú, Mà," ló wí. "Tí ẹ bá ti dá mi lóhùn báyẹn, mi ò ní rántí ohun tó ń dùn mí mọ́. Ẹ̀rù yín nìkan ló máa ń kù."

Màmá sọ fún wa pé ojú Ọmọ́níyì ni àwọn rí lórí àga tí Qonitah jókòó sí. Wọ́n bẹ Qonitah pé kó máa sọ̀rọ̀, kí àwọn fi dánra wò láì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Fún oṣù méjì, wọ́n ń kọ́ bí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ dé òpin.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Àgbàdo. "Mi ò wá fèsì," ni wọ́n sọ fún Ọmọ́níyì. "Mo wá gbọ́ ni. Sọ ọ́ tán." Ó sọ ọ́ tán. Ìgbà tó parí ni Màmá tọrọ àforíjì, tí àwọn méjèèjì wá sunkún Bàbá.

Títí di ọdún tó kọjá, Màmá kì í pa ìjókòó ẹgbẹ́ náà jẹ, bí wọn kì í ti í pa ìsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ.

Wọ́n sùn nínú Olúwa ní oṣù kejì ọdún 2025, ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ Ọmọ́níyì. Ọmọ méjì, Ọmọ́níyì àti Olúwaníyì, ni wọ́n fi sílẹ̀ sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún, tí Jésùtóbi jẹ́ àgbà wọn.

Ẹ sùn re, Màmá. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí àyè ìtura.