Kíndìnrín fún Aital

Ọjọ́ Ajé, 13 Jánúárì
Mo sọ fún Aital ẹ̀gbọ́n mi lónìí pé màá fún un ní kíndìnrín mi kan. Ìdí Ẹ̀fọn la wà — orúkọ tí mo sọ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Ó ní, "Kunnei, ọ̀rá ẹṣin ló máa kún inú tìrẹ." A rẹ́rìn-ín; ẹran ẹṣin la jẹ dàgbà níbí.

Ọjọ́bọ̀, 16 Jánúárì
Àyẹ̀wò. Wọ́n ní n má jẹun. Ebi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Jánúárì
Wọn ò gbà mí. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ṣúgà ti gòkè. Ọ̀rá nínú ẹ̀jẹ̀. Ikùn — dókítà yí téèpù ká a, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kò síbi tó ń dùn mí. Ó ní ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlú yìí ń wí nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ dá ti ń ṣọ̀wọ́n lójú òun. Kí ni kí n ṣe? Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà, orí ìjókòó ni mo ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Òtútù tó ń di itọ́ mọ́ni lẹ́nu wà níta, ta ló fẹ́ rìn? Mo bá délé — ẹran ọlọ́ràá, búrẹ́dì, oorun.

Ọjọ́ Ẹtì, 31 Jánúárì
Èsì àyẹ̀wò Erchim, àbúrò wa tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tóun náà fẹ́ fún Aital ní kíndìnrín. Tirẹ̀ burú ju tèmi. Ó pè mí: "Àǹtí mi, èmi tí mo lọ fún èèyàn ní nǹkan, oògùn ni wọ́n dì fún mi."

Ọjọ́rú, 5 Fẹ́búárì
Màmá dé láti abúlé. Kò bi ẹnì kankan léèrè, ọsibítù ló gbà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹni àádọ́rin ọdún, tó ṣì ń fọwọ́ ara rẹ̀ gé omi dídì lórí adágún fún omi mímu.

Ọjọ́ Ajé, 17 Fẹ́búárì
Ara Màmá dá ṣáṣá. Kíndìnrín rẹ̀ bá Aital mu. Ọjọ́ orí rẹ̀ ń ba àwọn dókítà lẹ́rù, àmọ́ wọ́n máa ṣe é. Mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún. Ọmọ mẹ́ta tó bí, kò sí ọ̀kan tó lè gbà á lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Fẹ́búárì
Aital kọ̀. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n la ìyá òun nínú nítorí ohun tóun fẹnu ara òun jẹ. Màmá ní, "Ìwọ náà, ṣebí inú mi lo ti jáde. Ta ló ń bi ọ́ léèrè?" Aital ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Fẹ́búárì
Wọ́n pè mí láti ìdí Ẹ̀fọn. Aital ò wá lónìí, kò wá lọ́jọ́rú. Mo sáré lọ sílé rẹ̀. Ó jókòó, ojú rẹ̀ wú. Mo bẹ̀ ẹ́, bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Kunnei, ó ti rẹ̀ mí. Fi mí sílẹ̀."
Mo padà sílé. Màmá ti di ẹrù ọsibítù, ó ti wọ bàtà, èmi ló ń dúró dè.
Mi ò tíì sọ fún un pé Aital ò lọ sí ìdí Ẹ̀fọn mọ́.