Ọ̀nà Orí Òkè Tí Bàbá Fẹ́ Gbà

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ṣé òtútù ibẹ̀ ò mú yín jù? Ara Màmá ti ń mókun, orúnkún nìkan ló kù. Owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ la fi tún òrùlé ṣe. Ẹ ò ní ṣaláìní.

Bàbá ti fọ mọ́tò àtijọ́ wọn. Wọ́n ní bí òjò bá ti dá, àwọn máa fi gbé èmi àti Màmá lọ sí abúlé. Wọn ò fẹ́ gba títì tuntun o. Ọ̀nà orí òkè tó rí kọ́lọkọ̀lọ yẹn ni, ká lè máa wo odò nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn mi ò balẹ̀. Ojú Bàbá ti ń ṣókùnkùn. Lánàá, ẹ̀gbẹ́ ife ni wọ́n ń da tíì sí, wọ́n wá ń bú ife pé ó ń jò. Màmá wò mí, èmi náà wo Màmá. Ta ló fẹ́ sọ fún ẹni tó fi iṣẹ́ awakọ̀ tọ́ wa dàgbà pé kó má wa mọ́tò mọ́?

Ẹ bá mi pè wọ́n. Ẹ ní mọ́tò búrẹ́dì tí mò ń wà nígboro ò tíì sọ mí di awakọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí n wa mọ́tò lọ́jọ́ náà, kí wọ́n jókòó tì mí, kí wọ́n kọ́ mi lọ́nà òkè. Bí wọ́n bá bú mi délé, mo gbà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ yín, kó ṣọ́ àwa náà.

Mo ti fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa nígbà tí Bàbá wọlé. Wọ́n ní, “Iwájú ni kó o jókòó lọ́jọ́ náà. Gbogbo ohun tó o bá rí lọ́nà, máa sọ ọ́ sókè fún mi.”

Ẹ tètè pè wọ́n.

Àbúrò yín obìnrin