Kò Jìnnà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kejì

Mo dé. Ìdí ń ro mí, àga bọ́ọ̀sì yẹn le ju ilẹ̀ lásán lọ. Ilé onípákó ni wọ́n fi mí wọ̀ sí: bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, fèrèsé tí kò ní gíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ní láti wo ilẹ̀ tí ìjọba ń fún ẹni tó bá lè gbé orí ẹ̀ kó sì dáko. Ọ̀fẹ́ ni — ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ọ̀gá Símẹ́ńtì (ọkọ mi ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ò mọ̀) kọ ìbéèrè mẹ́rin sẹ́yìn ìwé yìí kí n tó kúrò nílé. Omi ńkọ́? Ilẹ̀ ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Ilé ìwòsàn ńkọ́? Ó fa ìlà méjì sábẹ́ ti ìkẹyìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi fa eruku ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì símú. Dókítà ní kó jáde nínú eruku yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní rí òpin ọdún. Ilé iṣẹ́ ní kó jáde nínú ilé àwọn kí oṣù yìí tó parí. Àwọn méjèèjì ò mọra wọn rí, síbẹ̀ ohùn wọn ṣọ̀kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọkùnrin tó ń mú mi wo ilẹ̀ ga gọgọrọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì mọ̀ ọ́n sọ. Mo bi í pé odò ńkọ́. Kò jìnnà, mà. Ọjà? Kò jìnnà rárá, mà. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Kò-jìnnà.

A rìn dé odò. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi náà ò mù mí dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Afẹ́fẹ́ ibí dára. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, torí òótọ́ ni. Mo jí, mo fi ìka nu orí tábìlì — ìka mi mọ́ tónítóní. Nílé wa, mo ní láti gbọn ìrọ̀rí kí n tó gbórí lé e.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo gbẹ́ ilẹ̀ níbi mẹ́ta. Kò tíì jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan tí ọkọ́ fi bá yangí pàdé: kàn! Ibi kejì, kàn! Ẹ̀kẹta — kí ni mo tún fẹ́ kọ? Kò-jìnnà ní ilẹ̀ tó dáa wà níwájú. Mi ò béèrè bó ṣe jìnnà tó.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹsẹ̀ mi wú. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ilé ìwòsàn. Mo fẹsẹ̀ rìn, torí ọjọ́ ọjà nìkan ni ọkọ̀ ń gba ibẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni mo gbéra, ó kọjá mọ́kànlá kí n tó dé. Yàrá méjì, nọ́ọ̀sì kan. Mo bi í bóyá wọ́n ní sílíńdà afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń ran ẹni tí kò lè mí dáadáa lọ́wọ́. Ó nawọ́ sí i. Ohun tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró ni. Òfìfo, láti ọdún tó kọjá.

Ó ní tí èémí ọkọ mi bá fẹ́ há, ká ṣáà ti tètè gbéra. Ọmọ dáadáa ni, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sunkún títí mo fi délé, ọ̀nà yẹn sì gùn tó ẹkún.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Ìyá Eléwúrẹ́, opó tó ń gbé ilé kejì, ní kí n wá jókòó. Òun àti ọkọ ẹ̀ ló kọ́kọ́ gba ilẹ̀ ọ̀fẹ́ níbí. Àyà ló mú ọkọ ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n gbé e sórí ọmọlanke, wọ́n ń tì í lọ sílé ìwòsàn. Wọn ò dé ìdajì ọ̀nà. Ó ń sọ ọ́, ó ń já ewé fún ewúrẹ́, ọwọ́ ẹ̀ ò dúró.

Mo bi í pé kí ló dé tí gbogbo wọn fi ń sọ pé kò jìnnà. Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. Ó ní, "Àbúrò mi, tá a bá ní ó jìnnà, ta ló máa wá bá wa gbé?"

Mo ti pinnu. A ò wá mọ́. Màá pe Ọ̀gá Símẹ́ńtì lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Orí àpáta nìkan ni fóònù ti ń gbà. Mo gùn ún lọ́sàn-án. Ikọ́ ẹ̀ ló kọ́kọ́ kí mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sẹ́nu, àmọ́ òun ló ṣáájú. Ilé iṣẹ́ ti yọ ilẹ̀kùn ìta wa lọ, eruku ń wọlé bó ṣe wù ú. Orí àga ló ń sùn báyìí, torí tó bá dùbúlẹ̀ kò lè mí. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ní kò sáyè lọ́dọ̀ àwọn. Kò síbòmíràn. Ó wá ní kí n dá àwọn ìbéèrè òun lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Omi? Mo ní ó wà. Ilẹ̀? Mo ní a máa gbẹ́ ẹ. Ọjà? Mo ní wọ́n ń ná an. Mo ń gbọ́ bí àyà ẹ̀ ṣe ń súfèé. Ó ní, ilé ìwòsàn ńkọ́?

Mo wo ọ̀nà tó gba abẹ́ àpáta lọ.

Mo ní, "Kò jìnnà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti di ẹrù tán tipẹ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fọwọ́ síwèé. Ìyá Eléwúrẹ́ ti ọmọlanke ẹ̀ wá fún mi, ká fi kó ẹrù láti ibi tí bọ́ọ̀sì bá já wa sí. Ó ní ká má wulẹ̀ dá a padà.