Glenys Tregonning, Ẹni tí Ó Ń Yẹ Ojú Sátẹ́láìtì Wò (1953–2024)

A bí màmá wa, Glenys Tregonning, ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1953 ní Norseman, ìlú awakùsà wúrà ní Ìwọ̀-Oòrùn Ọsirélíà. Perce awakùsà ni bàbá wọn, Edna aránṣọ ni ìyá wọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kúrò nílé-ìwé. Ìmọ̀ yòókù, ojú ara wọn ni wọ́n fi kà á.

Ní 1976 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ivor Pascoe, awakọ̀ ojú irin. Wọn kò fi orúkọ bàbá wọn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó tó bi wọ́n ní ìdí rẹ̀.

Láti 2009, orí adágún iyọ̀ tó ti gbẹ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ sátẹ́láìtì kan, àwọn ni olórí àwọn tó ń díwọ̀n níbẹ̀. Sátẹ́láìtì á wo afẹ́fẹ́ láti òkè, á ní gáàsì báyìí ló ń jáde níbí. Bó bá purọ́ ńkọ́? Màmá ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á gbé pátákó funfun kalẹ̀, wọ́n á fi ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ díwọ̀n ti iyọ̀, wọ́n á sì fi í wé ohun tí sátẹ́láìtì rí bó ṣe ń kọjá. Bó bá ti kọjá, ó di ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kó tó tún padà wá.

Ní oṣù kọkànlá 2013, ìṣirò fi hàn pé ojú sátẹ́láìtì ti ń ṣe bàìbàì. Inú ọ̀gá wọn, Brett Hollingdale, dùn dé eyín, torí àwárí ńlá ni lójú rẹ̀. Ó ti fi ìwé ránṣẹ́ pé kí a tún òǹkà gáàsì gbogbo ayé ṣe. Lọ́jọ́ kejì, Màmá gbé pátákó yí sí oòrùn, wọ́n rí àbàwọ́n ìka lára rẹ̀, ti ìpara tí a fi ń dènà oòrùn. Pátákó ló ṣókùnkùn, tí iyọ̀ fi dà bíi pé ó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ. Wọ́n gbé àtàǹpàkò tiwọn lé àbàwọ́n náà. Ó ṣe rẹ́gí.

Brett ní, “Glenys, nù ún kúrò, kó o panu mọ́. Ta ló rí ọ?”

“Èmi kì í ṣe èèyàn ni? Mo rí ara mi. Pe ìwé yẹn padà, Brett, àbí kí n bá ọ pè é!”

“Wàá pàdánù ipò rẹ o.”

“Ṣé ipò ló bí mi ni?”

Wọ́n fọ pátákó, wọ́n ka ọjọ́ mẹ́rìndínlógún. Lọ́jọ́ náà, ìkùukùu bo ojú ọ̀run láti àárọ̀, atẹ́gùn ń gbé eruku pupa bọ̀. Màmá, ẹni ọgọ́ta ọdún, dùbúlẹ̀ gbalaja sórí iyọ̀ láti fi ara wọn dènà eruku fún pátákó. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, ojú ọ̀run là.

Ìṣirò tuntun fi hàn pé ojú sátẹ́láìtì mọ́ kedere. A pe ìwé padà, òǹkà ayé sì dúró bó ṣe wà. Iléeṣẹ́ gba ipò olórí lọ́wọ́ Màmá nítorí àbàwọ́n tí wọ́n jẹ́wọ́. Màmá ń ru pátákó náà fún ẹlòmíràn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2019.

Wọ́n tẹ dùùrù ní ìjọ wa fún ọgbọ̀n ọdún, wọ́n sì wa ọkọ̀ aláìsàn ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀gá Hollingdale wà láàárín wa lónìí. A kí wọn káàbọ̀, ṣùgbọ́n a ò ní torí àlejò gé ìtàn ìyá wa kù.

Wọ́n fi ọkọ wọn Ivor sáyé lọ, àti àwa ọmọ, Merryn àti Jago, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ márùn-ún.

Ìyá wa, ẹ fi ipò ra òótọ́, ẹ ò sì kábàámọ̀. Kí ilẹ̀ dẹ̀ fún yín. Ẹ sinmi.