Ọta Tí Mo Fi Àtàǹpàkò Tẹ̀

Bàámi àtàtà, ọdẹ tí kì í pariwo nínú igbó,

Ẹ kú ìsinmi o. Ará le. Ọkọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́ ní Trafford Park, èmi náà ṣì ń tọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé. Òtútù Manchester kò tíì pa wá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìròyìn àlàáfíà ni mo fẹ́ kọ lónìí. Ojú ń tì mí, mi ò sì rí ẹlòmíì tí mo lè sọ ọ́ fún.

Bàbá òyìnbó kan wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Mr Alan ni wọ́n ń jẹ́. Ìyàwó wọn ti kú, ọmọ wọn ò sí nítòsí. Èmi ni mò ń wẹ ẹsẹ̀ wọn, tí mò ń po tíì wọn. Wọ́n ní láísẹ́ńsì ìbọn ìléwọ́ ẹlẹ́nu gígùn, irú èyí tí òfin ibí ṣì gbà, ọ̀rẹ́ wọn a sì máa wá gbé wọn lọ yìn ín ní kílọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ ò ní gbà gbọ́, Bàámi: fúnra wọn ni wọ́n ń di ọta wọn, lórí tábìlì ìjẹun, bíi tiyín.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Wọ́n á bu ètù sínú ago idẹ kékeré, wọ́n á fi ọta lé e lẹ́nu, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ wọlé, wọ́n á wá fún ẹnu idẹ náà mọ́ ọta lọ́rùn kó má baà yẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ọdẹ ni bàbá mi, pé èmi ni mo máa ń jókòó tì yín bí ẹ bá ń di katiríìjì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè mí sídìí tábìlì.

Ṣé ẹ rántí? Bí ẹ bá ti ká ẹnu katiríìjì kan tán, ẹ ó gbé e fún mi kí n mì ín létí mi. Bí ó bá ń ró wọ́rọ́wọ́rọ́, mo máa ń mi orí, ẹ ó sì tú u láìbínú. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ọwọ́ Mr Alan ti ń gbọ̀n láìpẹ́ yìí. Lọ́jọ́ kan mo mú ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, mo fi àtàǹpàkò tẹ ọta náà. Ó rì wọlé. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí ohun tó wà lẹ́nu ètù kò bá dúró bó ṣe yẹ, ọwọ́ ẹni tó yìn ín ló ń bà jẹ́? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n mo wo bí inú wọn ṣe ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, mo ní ta ni mí tí n ó sọ fún àgbàlagbà pé ìka rẹ̀ kò ṣeé gbọ́kàn lé mọ́. Mo dá a padà sínú páálí. Mo pe ìyẹn ní ọ̀wọ̀, mo lọ po tíì.

Ní Sátidé, ìbọn náà fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìka méjì ló lọ. A dúpẹ́ pé ojú wọn yọ. Ọlọ́pàá ti kó ìbọn àti ẹ̀rọ lọ, tábìlì ṣófo, èmi ni mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ báyìí.

Lánàá mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga wọn, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé wọ́n á lé mi jáde. Wọn ò lé mi. Wọ́n ní àwọn rí mi nígbà tí mo ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wọn ti ń kọ wọ́n lóminú tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ọmọ ọdẹ tẹ ọta tí kò sọ nǹkan kan, ọkàn wọn balẹ̀.

Bàámi, ẹnu mi ni wọ́n ń wò. Orúkọ yín ni wọ́n gbára lé, èmi sì dákẹ́. Èwo ni ẹ̀yin ìbá ṣe fún mi? Ṣé ẹ ó bínú ni, àbí ẹ ó mi orí bí mo ṣe máa ń mi orí fún yín? Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n fi ọwọ́ tí kò fara pa gbé ife tíì. Ife náà ń gbọ̀n, tíì ń dà sí wọn láyà. Wọ́n wò mí. Mo sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn mú un. Wọ́n gbé e fún mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó máa ń mi katiríìjì létí