Àwọn Alábàárù Tí Kò Ní Àmì

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run tí kì í sùn á máa ṣọ́ ọ lọ, á máa ṣọ́ ọ bọ̀, ohun tí ò ń wá nínú àwọn ìgò yàrá ìwádìí yín wọ̀nyẹn kò ní sá fún ọ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n kò lè jókòó, láti àárọ̀ ló ti ń rìn yípo ilé.

Àbúrò rẹ kò tíì sàn. Gìrì tún gbé e níbi tó ti ń bá mi lọ aṣọ, áyọ́ọ̀nù jó kápẹ́ẹ̀tì, nígbà tó sì jí, ó ní òun ò rí ohun tó wà lápá òsì òun mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́ fún ọ.

Àwòrán tí o fi sí fóònù mi, èyí tó dà bí ewé aláwẹ́ mẹ́ta, o ò kọ nǹkan kan sábẹ́ rẹ̀, mo ṣe bí pátánì ọrùn aṣọ ni, mo ti gé e sára aṣọ oníbàárà kí àlàyé rẹ tó wọlé. Oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀. O wá ní àwọn ohun kékeré kan nínú ara ni, alábàárù ni wọ́n, pé wọ́n ń ru ohun tí ara fi ń mọ ara rẹ̀ bí ẹni mọ ilé, wọ́n tínrín ju òwú lọ, wọ́n sì ká lé ara wọn, pé orí bébà nìkan ni wọ́n ti jọ ewé, nínú ara wọ́n tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ìpẹ̀kun kan ń gbé ẹrù, ìkejì ń ka iṣẹ́ tí wọ́n rán an. O ní lẹ́yìn tí ara bá dá wọn tán ló máa ń fi àmì wẹ́wẹ́ sí wọn, èyí tó yẹ kó wà níbi tí wọ́n fi ń ka iṣẹ́ ni kò sí lára ti àbúrò rẹ, òun ni wọ́n ṣe ń ṣi iṣẹ́ kà. Ó yé mi ju bí o ṣe rò lọ. Aṣọ tí a kò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, ọmọọṣẹ́ á rán apá mọ́ ọrùn.

Ni mo bá mú ṣọ́ọ̀kì mi tó mú jù, mo gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ. Mo ní kó kó àwọn alábàárù náà jáde díẹ̀díẹ̀ sórí tábìlì, ojú mi ṣì dá, màá sàmì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọwọ́ ènìyàn ò tó o, pé àwọn á gé ẹran díẹ̀ ní itan àbúrò rẹ láti yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn wà tí á dín gìrì kù, ṣùgbọ́n èyí tí á dá àmì padà kò tíì sí lọ́wọ́ àwọn. Mo bi í pé níbo ni àìsàn náà ti wá. Ó wolẹ̀, ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ni irú rẹ̀ ń gbà wọlé, bàbá kì í fún ọmọ.

Mo ti gbà kí wọ́n gé ẹran itan náà. Bàbá rẹ ní kí n má dá ara mi lẹ́bi. Etí mi gbọ́, ọkàn ni kò gbà.

Bí owó bá wà, fi ti oògùn rán dírẹ́bà sí wa, bí kò bá sí, má lọ yá a. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àlàyé rẹ, ara àbúrò rẹ nìkan lò ń sọ, inú kan náà sì ni mo ti bí ẹ̀yin méjèèjì. O ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ìyá ló ti wá kí èmi tó mọ̀. Gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ báyìí, lọ yẹ tìrẹ wò. Bí o bá sì ti yẹ̀ ẹ́ wò tí o ń fi pa mọ́ fún mi, máa bọ̀ nílé.

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sin mí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó yí padà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.