Àwo Orin tí Ó Mú Gbogbo Vaitoa Jókòó: Ìgbésí Ayé Pàpá Peniamina Sauvao (1946–2023)

Abúlé Vaitoa yìí, ní erékùṣù Savai'i nílẹ̀ Samoa, ni wọ́n bí Pàpá wa sí ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹrin ọdún 1946. Apẹja ni bàbá wọn, Sauvao Ioelu. Ìyá wọn, Màmá Taligi, ni ọ̀gá àwọn tó ń hun ẹní. Pàpá kàwé nílé ẹ̀kọ́ pásítọ̀, ṣùgbọ́n ká má parọ́ lójú òkú, ìkarahun òkun ni wọ́n mọ̀ ọ́n fọn bíi fèrè, ju bí wọ́n ṣe mọ̀wé lọ. Ní ọdún 1963 ni wọ́n di ẹni tó ń fọn ìkarahun pe abúlé sí àdúrà ìrọ̀lẹ́. Bí Pàpá bá fọn ún lẹ́ẹ̀kan, kálukú á máa lọ sílé. Ìkejì, ẹni gbogbo á jókòó síbi tó bá bá a. Àfi tí ìkẹta bá dún pé àdúrà ti parí ni èèyàn tó lè dìde.

Ọdún 1971 ni wọ́n lọ sí Auckland, wọ́n ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa àgùntàn. Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti rí Màmá Fuatino, wọ́n sì gbéyàwó ní 1973. Ní 1977, Pàpá ra àwo orin kan ní ṣọ́ọ̀bù àlòkù. Àwòrán àga kan ṣoṣo láàárín pápá ló wà lára páálí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló ṣe é, wọn kò kọrin, wọn kò lùlù. Wọ́n ń mí sókè sódò, wọ́n ń da omi sínú garawa, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á fọn páìpù irin gígùn kan. Màmá gbọ́ ọ, wọ́n ní, "Ṣé ara àwọn wọ̀nyí yá?"

Ìdílé padà sí Vaitoa ní 1982. Ní ọ̀sán Sátidé kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984, Pàpá gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ nínú ilé wa tí kò ní ògiri, wọ́n sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Páìpù dún, bí ìkarahun gan-an. Àwọn tó ń gbá kírikẹ́ẹ̀tì wo oòrùn, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì ju igi sílẹ̀. Páìpù dún lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo abúlé jókòó. Ìkẹta kò dún, nítorí ojú kejì àwo ló wà, Pàpá sì ti sùn lọ fọnfọn. Olóyè Muliau, olórí àwọn olóyè abúlé, ń wẹ̀ lábẹ́ omi ẹ̀rọ, wọ́n jókòó síbẹ̀ tọṣẹtọṣẹ, ọṣẹ ń ta wọ́n lójú. Màmá ti kọ orin mímọ́ mẹ́ta tán kí wọ́n tó gbọ́ abẹ́rẹ́ tó ń ha àwo. Wọ́n yí i padà. Páìpù dún, abúlé dìde.

Ìgbìmọ̀ olóyè jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Pàpá pa ẹlẹ́dẹ̀ méjì fún abúlé, Olóyè Muliau sì pàṣẹ pé wọn kò gbọ́dọ̀ gbọ́ àwo náà mọ́ ní Vaitoa. Pàpá kò rú òfin yìí fún ọdún mọ́kàndínlógójì. Wọ́n di díákónì ní 1990, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ṣe kànga abúlé, wọ́n sì ń nu àwo wọn ní gbogbo Sátidé. Àwa ọmọ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wa.

Ní 2019, Pàpá wá tọ́jú orúnkún lọ́dọ̀ èmi Sinalei, àkọ́bí wọn, ní Auckland. Wọ́n ní kí n gbé àwo náà sí i. Mo gbà, bí a ti ń gbà fún àgbàlagbà. Mo ń rojú, ni Pàpá bá ní, "Má wá orin níbẹ̀, Sina. Wọ́n ń mí ni. Ìwọ náà bá wọn mí."

Mo bá wọn mí. Nígbà tí páìpù dún, mo tún di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lórí pápá, èéfín ààrò abúlé wá sí mi nímú, mo sì sunkún. Ìgbà náà ló yé mi. Ní ìlú àjèjì, kò sẹ́ni tó ń fọn fèrè kí Pàpá máa bọ̀ wá sílé, àfi àwo yìí. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́: kí Vaitoa tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí a tó bo àwọn mọ́lẹ̀.

Pàpá sùn ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà ọdún 2023, lẹ́ni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. A mú ẹní àtàtà lọ bẹ ìgbìmọ̀. Olóyè Muliau, tó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, gba ẹní náà lọ́wọ́ wa. Wọ́n wá ní, "Ẹ gbé e sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wẹ̀ tán." A rẹ́rìn-ín, a sì tún sunkún.

Àwọn tí Pàpá fi sáyé lọ ni Màmá Fuatino. Àwa ọmọ wọn, Sinalei, Faatoia, Ioane àti Meripa. Ọmọ-ọmọ mẹ́tàlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì. Àti àwo kan tí abẹ́rẹ́ kò ha ju ibì kan ṣoṣo lọ.

Ẹ̀yin ẹbí àti ará, létí sàréè lónìí, páìpù yóò dún lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jókòó síbi tó bá bá yín, ìbáà ṣe orí koríko. Màmá Fuatino ni yóò yí àwo padà kí ìkẹta lè dún, nígbà tí ọkàn wọn bá gbà á. Ẹ má kán wọn lójú.

Pàpá, tiyín ni ti àkọ́kọ́. Ẹ máa lọ sílé, kí ẹ sì sùn re. Àwa yóò jókòó títí ìkẹta yóò fi dún.